Ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì tó ń dínkù, ibì kan ló ń gbà lọ

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ wa yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti oúnjẹ ọmọ tá a máa ń sọ. Ìwé kan ló dé láti Alápẹ̀rẹ̀, ní Kétu, níjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, l'Ékòó. Bàbá tó kọ ọ́ ní ká má dárúkọ òun. Ohun tí wọ́n kọ rèé:

"Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Mo ní alùpùpù Honda ńlá kan tí mo rà ní tòkunbọ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ kì í lo wáyà, ọ́ìlì ló ń lò. Láti bí oṣù méjì báyìí, irin kílọ́ọ̀ṣì náà ti ń rọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin kí jíà tó wọlé. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n kàn máa bu ọ́ìlì bíréèkì kún un, ó sì rọ díẹ̀ fún mi sínú ike omi. Abẹ́ àga ní pálọ̀ ni mo ń gbé e sí. Ọwọ́ òsì mi náà tún ń ro mí. Ìyàwó mi ní kí n ta alùpùpù náà, pé ọjọ́ ogbó ti dé. Ṣé ọwọ́ mi ni kò lágbára mọ́ ni, àbí kílọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe é?"

Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé. Ẹlòmíì lè ní kí ló kan nọ́ọ̀sì pẹ̀lú alùpùpù. Ó kàn mí dáadáa. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ìwé yín, méjì nínú ẹ̀ sì jẹ́ tọsibítù gan-an: májèlé wà lábẹ́ àga, ọwọ́ àgbàlagbà sì ń dùn ún. Ẹ̀kẹta ni kílọ́ọ̀ṣì fúnra ẹ̀, tó lè sọ èèyàn dèrò ọsibítù àwọn eléegun n'Ígbóbì bó bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lójú títì márosẹ̀ tó gba Alápẹ̀rẹ̀ kọjá lọ sí Ọwọ́rọ̀ǹṣòkí. Bá a ṣe ń ṣe lọ́sibítù, ẹni tẹ́mìí ẹ̀ wà nínú ewu jù la kọ́kọ́ ń dá lóhùn. Torí náà, ike abẹ́ àga ló kàn.

Ẹ KỌ́KỌ́ GBÉ IKE YẸN KÚRÒ

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ka ìlà tó kàn, ẹ dìde, kẹ́ ẹ lọ gbé ike náà kúrò ní pálọ̀. Ọ́ìlì la ń pè é, àmọ́ kì í ṣe ọ́ìlì bíi ti ẹ́ńjìnnì. Kẹ́míkà ni wọ́n fi ṣe é, àwọn tí wọ́n ń pè ní glycol àtàwọn ìbátan wọn. Ó lè mọ́ gaara bí omi, ó sì lè pọ́n díẹ̀ bí oyin tí wọ́n bu omi là. Díẹ̀ nínú àwọn kẹ́míkà yìí tiẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá rí i nínú ike omi, omi náà ni yóò pè é. Àgbàlagbà tí òùngbẹ jí lóru nígbà tí kò sí iná, òun náà lè ṣí i mu.

Àwọn tó lọ́mọ kékeré lọ́dún 2008 kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Láti ìparí ọdún yẹn wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ọmọ 84 ló kú nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n yẹ oògùn náà wò, diethylene glycol ni wọ́n bá nínú ẹ̀. Kẹ́míkà yìí kan náà máa ń wà nínú àwọn oríṣi ọ́ìlì bíréèkì kan. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà ló dáṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò lè tọ̀ mọ́. Lọ́dún 2022, irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lórílẹ̀-èdè Gáńbíà, níbi tí wọ́n ti so ikú ọmọ tó lé ní 60 mọ́ oògùn ikọ́. Ẹ ò rí i pé ohun tá à ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà lásán.

Bí ọmọ tàbí àgbà bá gbé e mu, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ má sì rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nìyẹn láyé àtijọ́, ìfẹ́ ọmọ ni wọ́n sì fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n epo náà lè yà sínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, kẹ́ ẹ wá ní wàhálà méjì dípò ẹyọ kan. Epo pupa kì í sì í pa májèlé yìí. Ẹ nu ẹnu ọmọ náà, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ike tó mu nínú ẹ̀ dání kí dókítà lè rí i. Bó bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ dà á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ má sọ pé ara ẹ̀ ti balẹ̀, kẹ́ ẹ wá jókòó sílé. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó mu ún lè máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni mutí, kó máa bì, kí inú sì máa run ún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè dà bíi pé ó ti ń gbádùn. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ìtọ̀ máa ń dínkù, ìgbà yẹn sì ni kíndìnrín ti wọ wàhálà. Bó bá ta sójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kẹ́ ẹ tó máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bó bá kan ara, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́.

Inú ike tí wọ́n tà á sí ni kó máa wà, kí ìdérí ẹ̀ le dan-in, kó wà lókè níbi tọ́wọ́ ọmọ kò tó, lẹ́yìn ilé tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń tì pa. Èyí tó wà nínú ike omi yẹn, ẹ má tiẹ̀ dà á padà sínú alùpùpù mọ́. Ẹ óò rí ìdí ẹ̀ níwájú.

ṢÉ ỌWỌ́ NI, ÀBÍ KÍLỌ́Ọ̀ṢÌ?

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ ni kẹ́ ẹ pe ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ilé tàbí ládùúgbò, kó bá yín tẹ irin kílọ́ọ̀ṣì náà nígbà tẹ́ ẹ́ńjìnnì kú. Bó bá rọ̀ lọ́wọ́ tiẹ̀ náà, alùpùpù lara ẹ̀ ò yá. Bó bá ní ó le dáadáa bó ṣe yẹ, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ló ń rẹ̀ lọ́wọ́, ọwọ́ la máa yẹ̀ wò.

Bàbá, ní tiyín, mo fura pé nǹkan méjèèjì ló so mọ́ra. Ẹni tó bá ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin sí jíà kan ṣoṣo, láti Alápẹ̀rẹ̀ dé Mile 12, nínú gosílóò, ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ ro ó. Àmọ́ bí ọmọ ìka ńlá àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e bá ń kú tìpìrì lóru, iṣan ọrùn ọwọ́ lè fún pọ̀. Bí oríkèé ìka bá ń wú láàárọ̀, ó lè jẹ́ làkúrègbé. Àtọ̀gbẹ náà máa ń mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kú. Ẹ lọ yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní ọsibítù tó sún mọ́ yín, kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin àgbà. Ọwọ́ òsì la fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bí ọwọ́ kan bá ṣàdédé rọ, tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí ahọ́n ń lọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má bá alùpùpù wíjọ́ o. Àmì àrùn rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Bí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọjá ni ọpọlọ ń bàjẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sọ́sibítù kíákíá, ẹ má fọwọ́ ara yín wakọ̀ lọ.

BÍ KÍLỌ́Ọ̀ṢÌ ỌLỌ́ÌLÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Àwọn ọ̀kadà kéékèèké tá a mọ̀, bíi Bajaj Boxer àti TVS, wáyà ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní Kòsọ́fẹ́. Àwọn alùpùpù ńlá ti ọdún 1980 sókè ni wọ́n sábà máa ń lo ọ́ìlì. Honda Gold Wing ti ọdún 1984 wà lára wọn, Yamaha V-Max ti ọdún 1985 náà sì wà níbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ní yẹn, ẹgbẹ́ wọn ni.

Bẹ́ ẹ bá tẹ irin kílọ́ọ̀ṣì, ó máa ti písítìnì kékeré kan nínú ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọ́pà, èyí tó wà lórí háńdù pẹ̀lú agolo ọ́ìlì lórí ẹ̀. Písítìnì yìí máa ti ọ́ìlì gba inú páìpù rọ́bà lọ sísàlẹ̀, sínú lówà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Lówà yìí ló máa ti ọ̀pá irin kan tó ń ya àwọn páléètì kílọ́ọ̀ṣì kúrò lára ara wọn, kí jíà lè wọlé wẹ́rẹ́.

Ẹ mú síríńjì tuntun kan, ẹ fa omi kún un, ẹ fi ìka dí ẹnu ẹ̀, kẹ́ ẹ wá tì í. Kò ní lọ. Ẹ da omi ẹ̀ nù, ẹ fa afẹ́fẹ́ kún un, ẹ tún tì í. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bíi tìmùtìmù. Gbogbo àṣírí kílọ́ọ̀ṣì yín nìyẹn. Ohun tó wà nínú páìpù kò ṣeé fún pọ̀ bó bá jẹ́ ọ́ìlì nìkan. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ọwọ́ yín ń fún pọ̀, agbára ò sì ní dé ìsàlẹ̀.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì lè jó ọ́ìlì tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kílọ́ọ̀ṣì kì í jó ọ́ìlì. Ó há mọ́ inú ilé ẹ̀ ni. Ti bíréèkì, bí páàdì bá ṣe ń jẹ, ọ́ìlì inú agolo máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ti kílọ́ọ̀ṣì kì í rí bẹ́ẹ̀: bí páléètì bá ṣe ń jẹ, ńṣe ni ọ́ìlì máa ń gòkè díẹ̀ nínú agolo. Torí náà, bí ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì bá ń lọ sílẹ̀, ó ń jò ni. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ kàn máa bù kún un dà bí ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, tí kò wá ojú egbò tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde.

ÀWỌN ÀMÌ TÓ YẸ KẸ́ Ẹ WÒ

Bí irin kílọ́ọ̀ṣì bá rọ̀, ṣùgbọ́n tó ń le sí i bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, afẹ́fẹ́ ló wà nínú páìpù. Èyí ló jọ tiyín jù, bàbá.

Bó bá le nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dì í mú, tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ háńdù, rọ́bà inú ọ́pà ti jẹ, ọ́ìlì ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá padà. Nígbà míì, ẹ ò ní rí ẹ̀kán ọ́ìlì kankan níta, torí inú lọ́hùn-ún ló ti ń jò. Bó bá sì lọ tààrà dé háńdù láìsí agbára kankan, ọ́ìlì ti tán, tàbí rọ́bà ti kú pátápátá.

Bó bá le gan-an, tí kò padà síta dáadáa, páìpù rọ́bà lè ti wú nínú, tàbí kí ihò tíntín tó wà nísàlẹ̀ agolo ti dí. Ọ́ìlì tó lọ sísàlẹ̀ kò lè padà nìyẹn. Ẹ máa rí i pé ẹ́ńjìnnì ń han, àmọ́ alùpùpù kò sáré bó ṣe yẹ, pàápàá bí ara ẹ̀ bá ti gbóná. Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń han bẹ́ẹ̀, tí irin kílọ́ọ̀ṣì ò sì ní àléébù kankan, páléètì lẹ máa fura sí.

Bẹ́ ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì dópin, tí alùpùpù ṣì ń fẹ́ lọ, tí fíríì kò ṣeé rí nígbà tẹ́ ẹ bá dúró, kílọ́ọ̀ṣì ò ya tán nìyẹn. Alùpùpù tó ti dúró sójú kan fún oṣù mélòó kan lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ torí pé páléètì ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Àmọ́ bó bá ń ṣe é lójoojúmọ́, ẹ padà sórí ọ́ìlì.

Ẹ wo àwọ̀ ọ́ìlì náà pẹ̀lú. Bó bá ti dúdú bí kọfí, ó ti pẹ́ jù. Ọ́ìlì bíréèkì tó wà nínú alùpùpù kan náà kò sì ní sàn jù ú lọ, ẹ yẹ òun náà wò.

IBI TÍ Ọ́ÌLÌ Ń GBÀ LỌ

Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo ibi tí mo fẹ́ dárúkọ yìí, kẹ́ ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ alùpùpù di ọjọ́ kejì. Ẹ ká rọ́bà kékeré tó wà nídìí irin kílọ́ọ̀ṣì sókè, ẹ wo inú ẹ̀. Bó bá tutù, ọ́pà ló ń jò. Ẹ wo ibi tí páìpù ti so mọ́ ọ́pà àti ibi tó ti so mọ́ lówà, níbi tí wáṣà alámọ́ bàbà pupa wà. Ẹ fọwọ́ tọ páìpù rọ́bà náà láti òkè délẹ̀, bóyá ó ti sán. Lópin gbogbo ẹ̀, ẹ wo lówà. Lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́, ẹ̀yìn ìdérí tó wà nítòsí ṣéènì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń fara pa mọ́ sí, ìdọ̀tí àti gíríìsì sì máa ń bo jíjò ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá rí ẹ̀kán lórí páálí, tẹ́ ẹ ò mọ̀ bóyá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni àbí ti kílọ́ọ̀ṣì, ẹ kán díẹ̀ sínú omi nínú agolo tẹ́ ẹ máa jù nù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa léfòó. Ti kílọ́ọ̀ṣì máa pò mọ́ omi. Àmì míì ni pé ibi tí ti kílọ́ọ̀ṣì bá ń kán sí, ọ̀dà ibẹ̀ máa ń bó.

ỌNÀ ÀTÚNṢE

Ẹ wo ìdérí agolo ọ́ìlì náà, wọ́n sábà máa ń kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí i. Ohun tí wọ́n kọ ni kẹ́ ẹ rà, nínú ike tuntun tí wọn ò tíì ṣí. Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù sí i láéláé, torí gbogbo rọ́bà inú ẹ̀ máa wú, ẹ máa pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n kọ DOT 5 sí lára, sílíkóònù ni, kì í bá àwọn yòókù pò.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má lo ti inú ike omi rèé: ọ́ìlì yìí máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ ṣe ń ṣe lásìkò òjò. DOT 3 tuntun kì í hó títí ooru á fi dé dígírì 205 ó kéré tán, àmọ́ bí omi bá ti wọ inú ẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní 140. DOT 4 tuntun tó 230, ó sì lè já sí 155. Omi yìí náà ló ń mú kí inú ọ́pà àti lówà dípẹtà, kó sì jẹ rọ́bà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé l'Ékòó mọ bí afẹ́fẹ́ wa ṣe tutù tó. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà pátá.

Bó bá jẹ́ pé rọ́bà ló jẹ, ẹ ra odindi kíìtì ẹ̀, kì í ṣe ẹyọ rọ́bà kan. Ẹ lè wá a dé Owódé Onírin tàbí Ládípọ̀, kẹ́ ẹ mú ògbólógbòó ẹ̀ lọ́wọ́ láti fi wé tuntun. Kí mẹkáníìkì fi ọ́ìlì bíréèkì tuntun fọ inú ọ́pà, kì í ṣe pẹtiróòlù, kó sì rí i pé ihò tíntín ìsàlẹ̀ agolo là gbangba. Bí inú irin náà bá ti dípẹtà, tó ní kòtò, kíìtì tuntun ò ní pẹ́ nínú ẹ̀, ẹ wá odindi ọ́pà míì.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dí ibi tó ń jò ni wọ́n tó lè lé afẹ́fẹ́ jáde, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bulíìdì. Ọ̀rọ̀ tí àwa nọ́ọ̀sì mọ̀ dunjú nìyí, torí a kì í so dírípù mọ́ aláìsàn láìjẹ́ pé a lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù ẹ̀. Èèyàn méjì ló ń ṣe é. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dáàbò bo ojú, ẹ fi àkísà tútù bo táǹkì kí ọ̀dà má bàa bó. Ẹ yí háńdù kí agolo ọ́ìlì lè dúró gbọọrọ, ẹ nu ìdérí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u. Ẹ fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde pẹ̀lú síríńjì, ẹ bu tuntun sí i. Ẹ rọra máa tẹ irin kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, ẹ óò rí afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó tó ń jáde látinú ihò tíntín náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi páìpù tó mọ́ gaara bọ nọ́ọ̀tì oníhò tó wà lára lówà, kẹ́ ẹ ri ẹnu ẹ̀ kejì bọ inú ọ́ìlì díẹ̀ nínú ìgò. Ẹnì kan á tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹta jẹ́jẹ́, á sì dì í mú. Ẹnì kejì á fi sípánà tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ á jáde, á sì dì í padà kí ẹni àkọ́kọ́ tó tú ọwọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tú ọwọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dì í, afẹ́fẹ́ míì á wọlé, iṣẹ́ á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí tí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọ́ìlì tán nínú agolo rárá.

Àwọn alùpùpù àtijọ́ kan máa ń ṣagídí. Nígbà náà, ẹ fi síríńjì ńlá ti ọ́ìlì tuntun láti ìsàlẹ̀ wá sókè, torí pé òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ lọ. Kí ẹnì kan máa fa ọ́ìlì kúrò lókè kó má bàa kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bó bá ṣì rọ̀ díẹ̀, ẹ fi rọ́bà túùbù so irin kílọ́ọ̀ṣì mọ́ háńdù mọ́jú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ti le lọ́jọ́ kejì. Síríńjì tẹ́ ẹ bá fi ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ fọ́ ọ, kẹ́ ẹ jù ú nù. Ẹ má jẹ́ kó padà sínú ilé débi tí ẹnì kan á fi fún ọmọ lóògùn. Ọ́ìlì àtijọ́ náà, ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ kó o fún mẹkáníìkì nínú ike tẹ́ ẹ kọ "májèlé" sí lára.

ÌGBÀ TÍ KÒ YẸ KẸ́ Ẹ GÙN ÚN

Títí wọn á fi tún un ṣe, bàbá, ẹ má gùn ún jáde. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń gba títẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lónìí lè má dáhùn rárá lọ́la, kẹ́ ẹ wà lẹ́yìn tírélà tómátì tó ń yà wọ Mile 12, kẹ́ ẹ dúró, kí alùpùpù máa fò síwájú. Ẹ má gbé ọmọ-ọmọ kankan sẹ́yìn ẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, kó fọwọ́ kúrò lórí iná, kó fa bíréèkì méjèèjì, kó sì tẹ bọ́tìnì pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì lórí háńdù. Kó máa wa kílọ́ọ̀ṣì kiri ló ń fa jàǹbá.

Ní ti ohun tí ìyàwó yín sọ, èmi ò lè bá yín dájọ́ láàárín tọkọtaya. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń ní kéèyàn ta alùpùpù. Bí dókítà bá yẹ ojú, ọwọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò, tó ní kò séwu, tí mẹkáníìkì sì dí ibi tó ń jò, tí irin kílọ́ọ̀ṣì le lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jókòó pẹ̀lú ìyá wa, kẹ́ ẹ fi àbọ̀ méjèèjì hàn wọ́n. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kùnà, ìyá wa ló jàre.

Ẹ̀yin òbí yòókù, yálà ẹ ní alùpùpù tàbí ẹ ò ní, ẹ wo abẹ́ àga, abẹ́ síǹkì àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín lálẹ́ òní. Ohunkóhun tí kì í ṣe omi, kó kúrò nínú ike omi.